Wọ́n bu owó ìtanràn lé wa lórí kí a tó wọ Siena

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, inú sì ń bí mi gidigidi. Èmi àti màmá mi la jọ lọ. Wọ́n wá kí mi ní London láti Òṣogbo. Ọdún 33 ni wọ́n fi ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé Ítálì.

Florence la dé sí. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ń gbé èèyàn dé Siena ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, owó pé, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ẹni tó tà á fún mi kò sọ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì bébà kò tíì wúlò àfi tí ẹ bá kì í bọ ẹ̀rọ kékeré inú bọ́ọ̀sì kó lu déètì lé e. Mo rí ẹ̀rọ náà níwájú. Mo ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò dún, iná rẹ̀ kò tàn. Mo fi han awakọ̀. Ó fi ọwọ́ júwe pé kí n lọ jókòó. Mo lọ jókòó.

Ó ku díẹ̀ ká dé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ó yí tiwa síwá-sẹ́yìn, ó mi orí. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Ó rìn lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó fi ẹ̀rọ kejì hàn mí, èyí tí n kò mọ̀ pé ó wà rárá. Mo ní kó bi awakọ̀. Kò bi í. Ó gba ìwé ìrìnnà Màmá, ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń wí jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, a sanwó o.” Bírò ló fi tọ́ka sí wọn nígbà tó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Bírò! Ìyá ọlọ́dún 71. Owó tó gbà lọ́wọ́ wa ju owó ilé tí a sùn lálẹ́ kan lọ. Lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀ ni obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá sọ pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kí èèyàn fi bírò kọ déètì àti aago sára tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ìlú náà ga, ó sì dagun. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Piazza del Campo. Nígbà tí a yọ síbẹ̀, Màmá kàn dúró ni. Ilẹ̀ títẹ́jú ńlá kan tó rọra dà sísàlẹ̀ bí ìkarahun, tí wọ́n là sí ọ̀nà mẹ́sàn-án nítorí Àwọn Mẹ́sàn-án tó ń ṣe ìjọba ìlú náà títí di 1355. Ẹ ti mọ ti Palio, eré ẹṣin tí wọ́n ń sá níbẹ̀ ní July 2 àti August 16, n kò ní í tún un sọ.

Palazzo Pubblico, ilé ìjọba ìlú náà, la wọ̀. Nínú yàrá tí Àwọn Mẹ́sàn-án ti ń ṣèpàdé, Ambrogio Lorenzetti ya ìjọba rere àti ìjọba búburú sára ògiri ní 1338 sí 1339. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà, bí ẹgbẹ́ mi, rí i pé Màmá ń fọwọ́ ti ògiri. Àga tiẹ̀ ló gbé wá, ó gbé e sí àárín yàrá. Màmá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó béèrè ohun tó túmọ̀ sí lọ́wọ́ mi, ó wí i padà fún wọn, kò gún, ṣùgbọ́n ó wí i.

Nígbà tí mo sọ pé tíṣà ni wọ́n, ó ní ká wo ìsàlẹ̀ ìlú tí wọ́n yà. Tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ, láàárín ẹni tó ń ṣe bàtà àti àwọn tó ń jó, àwọn bíríkìlà sì ń kọ́lé lórí. Màmá pariwo, “Wọ́n rántí wa!” Ó fi okùn kan hàn wá tó ti ara òṣùwọ̀n obìnrin tí wọ́n pè ní Ìdájọ́ sọ̀ kalẹ̀, tí ará ìlú 24 dì mú. Ó fi ọgbà àjàrà orí òkè hàn wá, àti ẹlẹ́dẹ̀ dúdú tó ní àmùrè funfun, irú èyí tí wọ́n ṣì ń sìn níbẹ̀ dòní. Lókè oko ni obìnrin kan tó ń fò wà, Ààbò lorúkọ rẹ̀, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa: kí olúkúlùkù máa rìn láìfòyà, kí kálukú máa ṣiṣẹ́, kó máa fúnrúgbìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì já lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí bírò. Ó gbọ́ tán, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí fún Màmá, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó gba ìwé ìtanràn náà, ó kà á látòkèdélẹ̀. Nígbà tí àkókò oúnjẹ rẹ̀ tó, ó jókòó pẹ̀lú wa níta, ó fi èdè wọn kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún mi kí n tó fọwọ́ sí i. Kò gba kọ́bọ̀. Màmá gbàdúrà fún un, ó sì di ojú títí wọ́n fi parí.

Ti wáìnì kò pẹ́. Màmá kì í mu ọtí, panforte ni wọ́n jẹ, àkàrà líle olóyin àti álímọ́ńdì. Èmi tọ́ Chianti Classico wò, èyí tí èso àjàrà Sangiovese gbọ́dọ̀ kó ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 rẹ̀. Ó dùn, ó sì kan lẹ́yìn ahọ́n. Ẹni tó tà á sọ ìtàn àkùkọ dúdú ara ìgò fún mi: Florence àti Siena ní kí ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan gbéra nígbà tí àkùkọ bá kọ, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ààlà. Siena bọ́ àkùkọ funfun tiwọn yó. Florence febi pa dúdú tiwọn, ló bá kọ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ni wọ́n bá gba ilẹ̀ tó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwòrán mábù tó wà nílẹ̀ inú kàtídírà, láti bí àárín August sí October ni kí ẹ lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀. A lọ ní April, bíbò la bá púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo fún ìrìn àjò yìí ní 3 nínú 5. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kò tíì fèsì lẹ́tà náà. Màmá ní kí n kọ ọ́ síbí pé 5 ni tàwọn.