Iṣẹ́ fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohun tó yẹ kí ẹ san owó fún, àti èyí tí kò yẹ

Ikọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wọn yìí mọ eruku kó dáadáa, àmọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀rọ tí eruku ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣàgámù ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, ilé ọ́fíìsì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn Road, Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ náà. Ìsàlẹ̀ ilé náà ní AHU tirẹ̀, òkè náà ní tirẹ̀. AHU ni àpótí ńlá tí fíìtà, kọ́ìlì tútù àti fáànù wà nínú rẹ̀, tó ń pín afẹ́fẹ́ tútù kiri inú ilé. Páànù ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ fẹ̀ ní 600 mm, ó ga ní 400 mm. Láti ara páànù yìí ni rọ́bà rírọ̀ oníwáyà ti gbé afẹ́fẹ́ lọ síbi ihò kọ̀ọ̀kan ní sílíǹgì. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni àwọn tó ń lo ilé náà ní: afẹ́fẹ́ kì í dé igun, eruku ń já sórí tábìlì, omi sì ń kán láti sílíǹgì.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ èyí ká tó gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn kéékèèké àti ilé ìtura ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ló jẹ́ pé AC sípílíìtì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. AC bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fọ̀. Sáfíìsì ló ń fẹ́, kí wọ́n fọ fíìtà, kọ́ìlì, fáànù àti páìpù omi rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta iṣẹ́ fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún yín nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó máa lọ.

Ní ti ilé tó ní AHU, ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló ya iṣẹ́ gidi sọ́tọ̀ kúrò lára kí wọ́n kàn ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ihò. Wọ́n á gé ihò sára ọ̀nà afẹ́fẹ́ nítòsí AHU, wọ́n á fi họ́ọ̀sì ńlá so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, wọ́n á sì fi nílọ́ọ̀nù àti téépù di gbogbo ihò sílíǹgì pa, àfi èyí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á wá máa fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà náà láìdáwọ́ dúró, tó fi jẹ́ pé eruku yòówù tó bá ṣí kúrò lára páànù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, kò ní já sórí kọ̀ǹpútà àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ̀rọ tí ikọ̀ yìí gbé wá ń fa 2,000 CFM, ìyẹn nǹkan bíi 0.94 kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ ní 600 mm tó ga ní 400 mm ní ojú tó tó 0.24 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi èyí pín 0.94, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sáré tó mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tó gbé eruku. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kan náà lọ sí gbọ̀ngàn àríyá tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,200 mm ní fífẹ̀, 600 mm ní gíga, eré rẹ̀ kò ní ju mítà 1.3 lọ. Eruku á kàn dìde, á sún síwájú díẹ̀, á tún jókòó. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n gbé wá, tàbí kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ní ibi mélòó kan, kí wọ́n fi ọwọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì àti ẹnu fakúùmù bọ̀ ọ́, kí wọ́n fà á mọ́ ní ojúkojú. Ẹni tó bá dá owó iṣẹ́ lé gbọ̀ngàn yín láì wọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe dáadáa ni fíìtà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Inú ilé ni ẹ̀rọ yìí ń tú afẹ́fẹ́ sí, nítorí náà HEPA ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, fíìtà tó ń mú ó kéré tán 99.97% nínú eruku tó kéré tó 0.3 máíkíróònù. Láìsí i, eruku ńlá á wọ àpò, èyí tó kúnná jù, tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, á padà sínú yàrá. Ẹ mú aṣọ funfun sẹ́nu ibi tí ẹ̀rọ ń tú afẹ́fẹ́ sí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí aṣọ náà bá dọ̀tí, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Láti òpin ọ̀nà tó jìn sí ẹ̀rọ jùlọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, bó ṣe yẹ. Rọ́bà pàṣán tí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú páànù ni wọ́n fi ń gbọn eruku. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré irú ti àwọn fọkanáísà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: táńkì rẹ̀ á tán ní kíá, pàṣán á rọ, oníṣẹ́ á sì máa dúró kó tún kún. Ti ikọ̀ yìí kò rọ. Ohun tó sì wù wá jù ni pé jẹnẹrétọ̀ tiwọn ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí pàṣán ń na páànù, kò sí ohun tó ń fa eruku mọ́, gbogbo ohun tó ti dìde nínú ọ̀nà á gba ihò tó ṣí sílẹ̀ já sínú yàrá. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi oníṣẹ́ nìyẹn: kí ló máa gbé ẹ̀rọ yín bí iná bá lọ?

Eruku tó jáde ní òkè pupa rúsúrúsú, ó gbẹ, òwú aṣọ àti irun dà pọ̀ mọ́ ọn. Eruku ọyẹ́ àti ti àwọn tó ń rìn wọlé rìn jáde ni. Ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó sì ń rùn bíi díísù. Ẹnu tí AHU ìsàlẹ̀ fi ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta kò jìnnà sí páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé náà, gbogbo ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí iṣẹ́ ló ń fa èéfín wọlé. Ikọ̀ náà kó eruku dúdú yìí sínú àpò, wọ́n dì í, wọn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ni ilé. Àbùkù ńlá gbáà nìyẹn. Bí ẹ bá fọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lónìí tí ẹnu yẹn ṣì wà níbi tó wà, á tún dúdú padà. Èyí tó burú jù ni pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tirẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Kí wọ́n gbé páìpù èéfín náà ga kọjá òrùlé tàbí kí wọ́n yí ẹnu afẹ́fẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fífọ̀.

Inú AHU gan-an ni wọ́n ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Kọ́ìlì tútù ni gbogbo afẹ́fẹ́ ilé ń gbà kọjá, ó sì máa ń tutù rinrin nígbà gbogbo, nítorí náà òun ni eruku ń lẹ̀ mọ́ jù. Bí àárín àwọn ewé alumíníọ̀mù rẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í bo kọ́ìlì, gáàsì AC tó ṣì jẹ́ olómi á sì padà lọ bá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC náà, tí yóò bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kò fi dé igun ní ilé yìí, kì í ṣe ẹ̀bi páànù nìkan. Ẹ̀rọ tó ń fi ipá tu omi, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀, ni ikọ̀ náà gbé kọjú sí kọ́ìlì. Ewé rẹ̀ tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tó bá sì ti tẹ̀ báyìí ti dí nìyẹn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: kí wọ́n kọ́kọ́ fi fakúùmù fa èyí tó gbẹ, pàápàá bí ilé náà bá wà nítòsí ibi ìkọ́lé, torí eruku sìmẹ́ńtì tí omi bá kàn kí wọ́n tó fà á á gan mọ́ ewé kọ́ìlì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fọ́n oògùn kọ́ìlì tí kò ní ásíìdì tí kò sì ta jù, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí a kọ sára gálọ́ọ̀nù rẹ̀, kí wọ́n wá fi omi tí kò le ṣàn án kúrò, láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Oògùn tó ta jù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ewé tó bá tẹ̀, kóòmù kan wà tí wọ́n fi ń nà án.

Omi tó ń kán láti sílíǹgì ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáànù wà lẹ́yìn kọ́ìlì nínú AHU yìí, ó ń fa afẹ́fẹ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, torí náà ó ń fa páìpù tí omi ń gbà jáde náà. Bí páìpù yẹn kò bá ní tíráàpù, ìyẹn ibi tí ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ kí omi lè dúró níbẹ̀, tàbí tí tíráàpù náà bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ìta á máa gba inú rẹ̀ wọlé, á sì dá omi dúró. Àwo omi abẹ́ kọ́ìlì á kún, á tú sórí sílíǹgì. Bí ipá fáànù bá tó 500 Pa (Pa ni wọ́n fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́), omi tó ga ní nǹkan bíi 50 mm ló dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, tíráàpù náà gbọ́dọ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí AC bá sì ti wà ní pípa fún ìgbà díẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ rọ omi sínú tíráàpù kí ẹ tó tan án padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì onímọ́tò bọ inú rọ́bà rírọ̀, inú rẹ̀ sì ya ní ibi kan. Rọ́bà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ha. Bó bá dọ̀tí jù, pípààrọ̀ rẹ̀ ló rọrùn. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n nà án dáadáa, torí rọ́bà tó ká jọ lórí sílíǹgì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn ihò tí wọ́n gé sára páànù, téépù nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n. A kò fara mọ́ èyí rárá. Páànù tó ju ihò náà lọ ní ínṣì 1 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi bò ó, kí wọ́n fi rọ́bà sí àárín, kí wọ́n fi sukúrúù dè é, kí wọ́n sì dá aṣọ tó bo páànù náà padà. Téépù á gbẹ, á ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù á máa jò, ooru àti ọ̀rinrin Ìjẹ̀bú á pàdé páànù tútù náà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní ibi tí kò ti kán rí. Dúdú tí ẹ ń rí yí ihò sílíǹgì ká náà, afẹ́fẹ́ yàrá tó ń fẹ́ lu ibẹ̀ ló sábà ń kó o wá, kì í ṣe ẹ̀rí pé inú ọ̀nà dọ̀tí, bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi í dẹ́rù ba oníbàárà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n fẹ́ ta oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọ́n ní àìsàn kò ní wọlé mọ́. Ẹ má rà á. Oògùn tí a fín sórí ìdọ̀tí kì í ṣiṣẹ́, èyí tí a fín sórí páànù tó ti mọ́ kò sì ní ohun tó fẹ́ pa. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ ọ́ nínú ìwé pélébé tí wọ́n gbé jáde ní 1997 fún àwọn onílé pé a kò tíì rí i kó hàn pé fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń dènà àìsàn. Ohun tí ẹ ń san owó fún ni afẹ́fẹ́ tó ń dé ibi tó yẹ, ẹ̀rọ tí kò ṣe wàhálà jù, àti tábìlì tí eruku kì í bò.

Máàkì 6 nínú 10 ni a fún wọn. A ṣì lè pè wọ́n fún páànù, àmọ́ ẹni tó mọ AC dáadáa ni kó fọwọ́ kan AHU.

Bí ẹ bá fẹ́ pe irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá owó náà lé iye AHU, gígùn ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní mítà àti iye ihò sílíǹgì, kì í ṣe iye yàrá. Kí wọ́n ya fọ́tò inú ọ̀nà kan náà, ní ibi kan náà, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Kí wọ́n wọn eré afẹ́fẹ́ ní ihò kọ̀ọ̀kan nígbà méjèèjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. NADCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní òdiwọ̀n kan: eruku tó bá ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ ju 0.75 mg lọ lórí 100 cm² páànù. Kí ẹ tó pe ẹni tó máa wọn ìyẹn, ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ibi tí eruku bá ti hàn sí ojú, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ilé bá ní damper nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìyẹn ìlẹ̀kùn páànù tó ń tì kí iná má bàa gba ibẹ̀ ràn bí ilé bá ń jó, kí wọ́n ṣí i hàn yín pé ó ṣì ń tì fúnra rẹ̀, pé wọn kò fi wáyà dè é. Bí sílíǹgì bá jẹ́ ti àtijọ́ tó lè jẹ́ asbestos, tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti àsìkò, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná, ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, kí eruku rẹ̀ má bàa tún dé bá iṣẹ́ tuntun. Àwọn ilé ìtura àti gbọ̀ngàn tó ń gba àlejò Ojúde Ọba kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín iṣẹ́ àti àjọ̀dún, torí bí kọ́ìlì bá ní àbùkù, ó lè jẹ́ Èkó ni wọ́n á ti ra òmíràn. Ní gbogbo àsìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ fíìtà AHU wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní gééjì tó ń wọn ipá afẹ́fẹ́ níwájú àti lẹ́yìn fíìtà, ẹ pààrọ̀ fíìtà nígbà tó bá dé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára rẹ̀. 250 Pa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ.