Fáànù ni àbí dehumidifier? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó lé ehu inú balùwẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti ń rí àwọn tóótòòtó dúdú ní kọ́nà àjà balùwẹ̀ yín, tàbí lára sílíkóònù ibi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti ń múra láti náwó lé e, ẹ dúró ná. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà fún èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ehu yìí: fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, ẹ̀rọ dehumidifier tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, àti ọ̀dà tí wọ́n ní ehu ò lè hù lára ẹ̀. Mo ti lo méjì àkọ́kọ́ nílé ara mi, mo sì ti rí bí ẹ̀kẹta ṣe parí sí nílé ìyá mi. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún yín, ìyẹn ẹ̀yin náà lè kà á. Ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń bá jà. Irúgbìn ehu kéré débi pé ojú ò lè rí i, ó wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, kò sẹ́ni tó lè lé e tán. Oúnjẹ ẹ̀ náà ò wọ́n, ìdọ̀tí ọṣẹ, eruku, awọ ara tó ń ṣí bọ́ lára wa, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ. Omi nìkan lẹ lè fi dù ú. Nǹkan tó bá tutù àmọ́ tó gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, ehu kì í sábà ráyè hù níbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé yẹ kó wà lábẹ́ 60%, 30 sí 50% ló dáa jù. Tẹ́ ẹ bá fi omi gbígbóná wẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti mumi yó yẹn á lọ kan ògiri tó tutù, ìrì á sẹ̀ sára ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ́nà àti ẹ̀yìn ohun tí afẹ́fẹ́ ò dé ló máa ń kọ́kọ́ dúdú.

Ọ̀rọ̀ ò wá ju ibì kan lọ: omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ibo ló ń gbà lọ?

Ibi tí omi ń gbà lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, torí òun ló jẹ owó mi. Fáànù àkọ́kọ́ tí mo ní, oníṣẹ́ iná kan ló bá mi fi sí àjà balùwẹ̀. Ó mọ́, ó dúró dáadáa, tẹ́ ẹ bá tàn án ẹ máa gbọ́ pé ó ń fa nǹkan, dígí ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣú mọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà tó ṣe, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì bí ìgbà tí tíì bá dà sára aṣọ, ibi kan wú, ó ń tẹ̀ wálẹ̀, òórùn ilé tí wọ́n tì pa fún ìgbà pípẹ́ wá ń ti òkè jáde. Gbogbo wa rò pé òrùlé ló ń jò. A pe onípáànù, ó yẹ òrùlé wò, kò sí ihò kankan. Òun ló wá gun inú àjà tó sì pè mí pé kí n wá wò ó: kò sí páìpù kankan lẹ́yìn fáànù yẹn rárá. Gbogbo ọ̀rinrin ìwẹ̀ wa láràárọ̀, inú àjà ló ń fẹ́ ẹ sí, igi àjà ti dúdú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A ya àjà balùwẹ̀ dànù, a pààrọ̀ àwọn igi kan, owó tó lọ sí i ju iye tí n bá fi ra fáànù tó dáa jù lọ pẹ̀lú páìpù ẹ̀ àti owó oníṣẹ́. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ò gbé fóònù mọ́.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ra fáànù, páìpù lẹ ń rà, fáànù kàn wà níwájú ẹ̀ ni. Páìpù yẹn gbọ́dọ̀ jáde síta gbangba, kó gba ara ògiri tàbí òrùlé kọjá, kì í ṣe inú àjà, kì í sì í ṣe ìtòsí ihò tí afẹ́fẹ́ ti ń wọnú àjà padà. Kó kúrú bó bá ṣe lè kúrú tó, kó má yà ká, torí gbogbo kọ́nà tó bá yà ló ń dín agbára fáànù kù. Páìpù líle tó dán nínú dáa ju èyí tó ń rọ̀ tó ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po lọ, tó bá sì jẹ́ oníṣẹ́po náà ló wà, kí wọ́n nà án tán, kí wọ́n má jẹ́ kó sọ̀ wálẹ̀ láàárín, torí omi máa dúró síbẹ̀. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí apá ìta kí omi tó bá sẹ̀ nínú ẹ̀ má ṣàn padà sínú fáànù. Tí inú àjà bá máa ń tutù, kí wọ́n wé nǹkan tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé mọ́ ọn lára. Lẹ́nu ìta, kó ní ìdérí tó ń ṣí nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ tó sì ń pa dé fúnra ẹ̀.

Irú fáànù náà tún ń bá páìpù rìn. Èyí tí abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ rí bíi ti fáànù tábìlì dáa fún ẹni tí balùwẹ̀ ẹ̀ kan ògiri ìta tààrà, tí páìpù ò ju inú ògiri lọ. Tí páìpù bá máa rìn jìnnà, kẹ́ ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní centrifugal, òun ló lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba páìpù gígùn kọjá. Ní ti agbára, ẹ wo CFM lára páálí, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà ní ìṣẹ́jú kan: bí balùwẹ̀ bá jẹ́ 60 square feet, ẹ wá nǹkan bíi 60 CFM, àmọ́ ẹ má ra èyí tó kéré sí 50 bó ti wù kí balùwẹ̀ kéré tó. Páálí mìíràn máa kọ m³/h, 50 CFM yẹn jẹ́ nǹkan bíi 85 níbẹ̀. Fáànù ò sì lè fa afẹ́fẹ́ tí kò rí wọlé, kí abẹ́ ilẹ̀kùn ní àlàfo tó tó sẹ̀ńtímítà kan ó kéré tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í tán, ẹ mú tíṣù kan, ẹ gbé e síbi ẹnu fáànù, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láìjábọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé ìdérí yẹn ṣí. Tíṣù nìkan ò tó o, tèmi náà ì bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa.

Dehumidifier ńkọ́? Lórí èyí, mo gbọ́dọ̀ yìn ín, torí kì í fi ibi tí omi lọ pamọ́, inú táǹkì ẹ̀ ló wà, ẹ̀ ń rí i. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e dànù o. Tí táǹkì bá ti kún, ẹ̀rọ á dá ara ẹ̀ dúró, tẹ́ ò bá sí nílé ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé, ọ̀rinrin á sì máa gbádùn ara ẹ̀. Èyí tó ní ojú họ́òsì tẹ́ ẹ lè ki sí ojú ihò omi ilẹ̀ sàn jù, ẹ má ra èyí tí kò ní in. Ìṣòro ẹ̀ kejì ni pé kì í yára tó bẹ́ẹ̀: kó tó fa omi inú afẹ́fẹ́ tán, ìrì ti sẹ̀ sára ògiri tipẹ́, fáànù ní tiẹ̀ ti ń kó o jáde látìgbà tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀. Iye lítà omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó ń fà lóòjọ́ náà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́kàn yín, torí inú yàrá tó gbóná tó 30°C, tí ọ̀rinrin ẹ̀ jẹ́ 80%, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n sí. Nínú yàrá tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye tó máa fà ò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn tó kù

Iná: fáànù balùwẹ̀ kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, wọ́ọ̀tì díẹ̀ ni, dehumidifier máa ń jẹ tó igba wọ́ọ̀tì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ariwo: tí wọ́n bá kọ sone, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, sára fáànù, ẹ mú èyí tí kò ju 1 lọ, torí fáànù tó ń pariwo, àwọn ará ilé ò ní tàn án.

Òtútù: dehumidifier oníkọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tí yàrá bá tutù ju nǹkan bíi 15°C lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní desiccant, tó ń lo nǹkan amúmi dípò kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ló ń fara dà á, àmọ́ ó ń jẹ iná ju ìyẹn lọ.

Ewu: ẹ̀rọ tó ní púlọ́ọ̀gì àti wáyà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí omi ti ń ta. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, níta, ni mo máa ń gbé tèmi sí, mi ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án.

Táímà: ẹ rí i pé fáànù yín ní in, kó máa ṣiṣẹ́ nìṣó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde. Èyí tó ń gbọ́ òórùn ọ̀rinrin tó sì ń tàn fúnra ẹ̀ tún dáa, pàápàá nílé tí àwọn ọmọ pọ̀ sí.

Ọ̀dà: oògùn inú ẹ̀ wà lóòótọ́, ó ń dí ehu lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà agbára ẹ̀ á rẹlẹ̀. Kò lé omi kankan lọ. Nílé ìyá mi, wọ́n kùn ún lé ehu tó ti wà níbẹ̀ lórí, ó sì bó wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ fọ ògiri, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátá, kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun.

Mo fẹ́ sọ ti bílíìṣì náà torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ bá. Ó ń ṣiṣẹ́ lára táìsì, àmọ́ lára àjà, igi àti nǹkan tó ń mu omi, kì í wọlé dé ibi tí gbòǹgbò ehu wà, ó kàn máa sọ ojú ibẹ̀ di funfun ni. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ fínígà, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ nǹkan tó ní ammonia, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo bẹ̀ yín.

Ohun tó kéré jù lówó ni ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń nu gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá fi gbá omi ara ògiri wálẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, gbogbo omi tó bá ṣàn wọ ihò ilẹ̀, ẹ̀rọ kankan ò ní wàhálà lé e lórí mọ́. Ẹ ra míta kékeré tó ń ka ọ̀rinrin pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Tí wákàtí kan bá kọjá tó ṣì wà lókè 60%, nǹkan kan ò tọ́.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà?

Méjèèjì ń ṣiṣẹ́, mi ò ní ṣojúsàájú. Dehumidifier dáa fún ẹni tó wà nílé rẹ́ǹtì tí onílé ò gbà kí wọ́n lu ògiri, ó dáa fún balùwẹ̀ tó wà láàárín ilé tí kò kan ìta níbì kankan, ó sì ṣeé gbé lọ síyàrá mìíràn tàbí sílé tuntun. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ yín rí, ẹ rà á, kò ní dùn yín. Tèmi ṣì wà nílé, ìgbà òjò tí aṣọ ò gbẹ ni mo máa ń gbé e jáde.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè lu ògiri, ẹ lù ú. Fáànù tí mò ń lò báyìí ní páìpù tó jáde síta tààrà, mi ò gbé omi dànù, mi ò rántí ẹ̀ pàápàá, kọ́nà àjà sì mọ́. Kí oníṣẹ́ yín tó gba owó tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó fi fóònù ẹ̀ ya páìpù yẹn látinú àjà, láti ẹ̀yìn fáànù títí dé ibi tó ti jáde síta. Tó bá ní kò sáyè láti gun òkè, ẹ mú owó yín dání títí á fi sáyè.