Crash kì í gba orúkọ lásán gbọ́: ìrírí mi pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń wo inú kernel

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, crash ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn wo inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, yálà èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí èyí tó ti kú tó fi ohun tó wà ní mẹ́mórì sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ti fọwọ́ kàn án lójú rẹ̀: Mission Critical Linux láti 1999, lẹ́yìn náà Red Hat láti 2002, àti àwọn mìíràn. Ó ti dàgbà, kò sì rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n ó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà tí mi ò lè gbàgbé.

Ìtẹ̀wé niṣẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù, ní Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Tí àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì bá dé, wọ́n á tò láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Kọ̀ǹpútà kan ló ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tòkunbọ̀ ni, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn. Mo tún kóòdù dírafà káàdì náà (ètò tó ń jẹ́ kí kernel bá káàdì sọ̀rọ̀) ṣe fúnra mi, mo kọ́mpáìlì kernel 6.1.85 mọ́ ọn, ìyẹn ni pé mo sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, mo sì fi -kaju sí ìdí orúkọ rẹ̀ torí ìgbà kájú la wà. Bí mo bá tẹ uname -r, àṣẹ tó ń sọ orúkọ kernel tó ń ṣiṣẹ́, 6.1.85-kaju ló ń jáde.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Kọ̀ǹpútà ò kú o, mọ́ọ̀sì ń rìn, àmọ́ ìwé kankan ò jáde mọ́ àfi ká pa á ká tún un tàn. Mo wá tún kernel náà kọ́mpáìlì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo tan CONFIG_DEBUG_SPINLOCK, ètò tó ń ṣọ́ àwọn lọ́ọ̀kù inú kernel (lọ́ọ̀kù ló ń mú kí iṣẹ́ kan dúró de èkejì kí wọ́n má bàa fọwọ́ kan ohun kan náà pọ̀), kí n lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò yí padà, 6.1.85-kaju náà ni.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Kernel tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀ ni, vmlinuz, inú /boot ló ń gbé. Èyí tí àwọn irinṣẹ́ bíi gdb àti crash ń kà ni vmlinux, fáìlì ńlá tó sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú mẹ́mórì. Bí ẹ bá ṣe make install, vmlinuz, System.map àti config ló ń kó lọ sí /boot. Kì í kó vmlinux. Ọwọ́ ni mo fi ṣe ẹ̀dà tàkọ́kọ́ sínú /usr/lib/debug/boot, ní ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò rántí. Kernel kejì ló wá ń ṣiṣẹ́, vmlinux ti àkọ́kọ́ ló wà nílẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́.

Mo ní skríptì kékeré kan tí mo kọ nígbà náà. Á béèrè uname -r, á mú vmlinux tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, á fi gdb ṣí i pẹ̀lú /proc/kcore, fáìlì tó ń fi mẹ́mórì kernel tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Gdb ò bi wá bóyá àwọn méjèèjì bára tan. CONFIG_DEBUG_SPINLOCK yìí sì ti mú kí gbogbo lọ́ọ̀kù inú kernel fẹ̀ sí i, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn lọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ti sún kúrò ní àyè rẹ̀. Ibi tí mo rò pé mo ti ń ka iye iṣẹ́ tó tò sẹ́nu káàdì, nǹkan mìíràn ni mò ń kà. Nọ́ńbà tó ju bílíọ̀nù lọ ló ń jáde. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi lé nọ́ńbà yẹn kiri lórí ínfátà. Mo tiẹ̀ ra káàdì mìíràn ní ₦18,000, nǹkan ò yí padà.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo fi crash sórí ẹ̀rọ. Mo fún un ní vmlinux kan náà àti /proc/kcore. Kò ṣí. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé wọn kò bára mu: do not match! Mo tún un tẹ̀, ó tún kọ ohun kan náà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo uname -v, kì í ṣe uname -r." A tẹ̀ ẹ́. Ó gbé #2 jáde, ìyẹn ìgbà kejì tí mo kọ́mpáìlì rẹ̀, ọjọ́ Sátidé, May 4. A wá fi strings, irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì jáde, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Linux version nínú vmlinux. Ó gbé #1 jáde, ọjọ́ Jímọ̀, May 3. Àwa méjèèjì dákẹ́.

Ẹ lọ pe "Ìyá Ìbejì!" nínú ọjà Wázò kẹ́ ẹ wo iye obìnrin tí yóò bojú wẹ̀yìn. Bí uname -r ṣe rí nìyẹn. Crash ní tirẹ̀ máa ń ka gbogbo ìlà náà: ẹ̀dà wo ni, ta ló kọ́mpáìlì rẹ̀, orí ẹ̀rọ wo, kọ́mpáílà wo, ìgbà kelòó, ọjọ́ wo àti aago mélòó. Ó ń kà á nínú vmlinux, ó ń kà á nínú mẹ́mórì. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, ó parí. Tí ẹ bá tẹ crash nìkan láìfún un ní fáìlì, á mú ohun tó wà nínú /proc/version, á sì wá vmlinux tó ní ìlà yẹn kiri àwọn ibi tó mọ̀. Bí kò bá rí i, á sọ pé òun ò rí kernel tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ júwe rẹ̀ fún òun. Èmi fẹ́ràn ìwà yìí gan-an ni.

A gbé vmlinux tó tọ́ síbẹ̀, ó ṣí. Mo tẹ foreach UN bt, kó fi gbogbo iṣẹ́ tó ti há hàn mí. Mẹ́ta ni, gbogbo wọn dúró sí mutex_lock, ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró de lọ́ọ̀kù, nínú kóòdù témi fúnra mi kọ. Níbì kan tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, mo jáde láìṣí lọ́ọ̀kù. Ìlà kan péré ni mo fi kún un. Káàdì ò ṣe nǹkan kan.

Àléébù rẹ̀ wà. Nígbà tó ní wọn kò bára mu, kò sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ fún mi; ká ní ó kọ ìlà méjèèjì sójú kan ni, mi ò bá má tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Vmlinux tó ní àlàyé kíkún nínú wúwo, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wa ti Debian tàbí Ubuntu (oríṣi Linux ni wọ́n) sílẹ̀, ẹ fi dátà òru wà á. Àṣẹ rẹ̀ kúrú, wọ́n ṣòroó há sórí, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tẹ help bt nínú rẹ̀, àlàyé àti àpẹẹrẹ pọ̀ níbẹ̀.

Ìlà Linux version tí crash ń kà yẹn náà ní ibi tó kù sí. Ẹni tó bá fi KBUILD_BUILD_TIMESTAMP so ọjọ́ mọ́ ojú kan, tí nọ́ńbà # náà ò sì yí padà, lè kọ́mpáìlì kernel méjì tí ìlà wọn á jọra látòkèdélẹ̀. Nítorí náà, build ID ni mo fi tún skríptì mi ṣe, àmì ogójì tí wọ́n ṣírò láti inú kernel fúnra rẹ̀. Perf buildid-list -k ń sọ ti kernel tó ń ṣiṣẹ́, readelf -n ń sọ ti vmlinux. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, skríptì ò ní ṣí nǹkan kan, á sì kọ àmì méjèèjì sójú kan kí n rí i. Uname -r ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń tọ́jú àwọn vmlinux báyìí. Abẹ́ /usr/lib/debug/.build-id ló ń kó wọn sí, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú àmì náà ni orúkọ fódà, ìyókù ni orúkọ fáìlì. Mẹ́rin ti wà níbẹ̀, 6.1.85-kaju sì ni gbogbo wọn.