Tapólì onímítà mẹ́rin lọ́nà márùn-ún: bí mo ṣe rí i nínú òjò Ogoja

Tapólì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí tírélà o. Funfun ni mo ń wí, ìbú rẹ̀ mítà mẹ́rin, gígùn rẹ̀ mítà márùn-ún, irú èyí tí UNHCR, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olùwá-ibi-ìsádi, ń pín fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀, tí mo sì ń bá wọn ra ọjà, fún àjọ kékeré kan tó ń ran àwọn ará Cameroon lọ́wọ́ ní Ogoja, Ìpínlẹ̀ Cross River. Mo ti gba tapólì yìí wọlé, mo ti kà á, mo ti gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo sì ti sùn lábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ ibùdó. Mo tún ti fi owó àjọ ra ayédèrú rẹ̀, ọ̀ràn yẹn ò tíì tán lára mi títí di òní. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí báyìí, ní Maiduguri, ní Yola, àti àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ń kó owó lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ ra nǹkan fún àwọn tí omíyalé lé jáde. Ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: ìwọ́de àwọn lọ́yà àti olùkọ́ ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Cameroon ló bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó wá di ìjà. Nígbà tí 2017 fi máa parí, àwọn èèyàn ti ń gba inú igbó àti odò wọ Cross River, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Oṣù Kẹjọ 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò létí ẹnubodè lọ sí ibùdó Adagom, lẹ́bàá ìlú Ogoja. Ní 2021, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ní Nàìjíríà ti lé ní 60,000. Pijin ni gbogbo wa fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Owó ni wọ́n fún àwọn ìdílé nígbà yẹn láti fi ra oúnjẹ, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ọjà Ogoja mọ iṣu, gàrí àti ìrẹsì ju ẹnikẹ́ni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún sì mọ iye epo tó máa tó ọbẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fún èèyàn lówó kí ẹ ní kó lọ fi ra irú tapólì yìí, torí kò sí lórí àtẹ. Ẹni tó bá wá a débẹ̀, búlúù yẹn ló máa bá. Ìdí nìyẹn tí àwa fi gbọ́dọ̀ rà á, ká rà á dáadáa, kó sì tètè dé.

Ẹ jẹ́ kí n tú béèlì kan níwájú yín. Márùn-ún ló máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í pinpin. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ó rí ọ̀já eléérú mẹ́fà tó gba ara rẹ̀ kọjá. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ike náà ti nípọn jù, ibẹ̀ ni ihò wà, ibẹ̀ nìkan sì ló yẹ kí okùn tàbí ìṣó gbà. Tẹ́ ẹ bá fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé fọ́nrán dúdú ni wọ́n fi hun inú rẹ̀, wọ́n wá fi ike funfun bò ó lójú méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí oòrùn nìkan ni dúdú yẹn ṣe wà níbẹ̀. Ìyá kan ní Adagom ló là mí lójú. Ó ní, “Ọmọ mi, nínú èyí tí a kọ́kọ́ fi bo ilé, bí mo bá ti tan àtùpà báyìí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí òjìji mi lára ògiri. Inú òkùnkùn ni mo ti ń pààrọ̀ aṣọ, inú òkùnkùn ni mo ti ń fún ọmọ lọ́mú.” Lálẹ́ ọjọ́ tí mo sùn níbẹ̀, mo jáde síta mo sì wo ilé rẹ̀ láti òkèèrè. Iná wà nínú ilé, mo mọ̀ torí èmi fúnra mi ni mo tàn án, ṣùgbọ́n ògiri dúdú kirimú. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé tapólì ni tapólì ń jẹ́, mo máa ń ní kó wá wo ilé ìyá yìí lálẹ́.

Ní ti ìwọ̀n, nǹkan bí 200 gíráàmù ló yẹ kí mítà kan níbùú lóròó wọ̀n. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún jẹ́ ogún, nítorí náà tapólì kan gbọ́dọ̀ tó kílò mẹ́rin. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran lọ́wọ́ lè mọ ayédèrú láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun kejì ò ṣeé fi ojú mọ̀: kí wọ́n tó gbà pé ó dára, wọ́n máa ń gbé e sábẹ́ iná tó dà bí oòrùn líle fún wákàtí 1,500, kí wọ́n tó wá fà á wò bóyá agbára rẹ̀ ti dín kù. Ìwé àyẹ̀wò yẹn ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó á ní in lọ́wọ́.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni mí. Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Kì í béèrè iye kó tó fọwọ́ kan ọjà. Á fún etí aṣọ pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á tú u sílẹ̀, á wo bó ṣe rún sí. “Àṣàkẹ́, gbé e sí oòrùn ná,” ló máa ń sọ fún mi kó tó ka owó. Bí mo ṣe mọ èyí láti kékeré, ó dùn mí pé mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀ jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹrù tí à ń retí wà nínú kọntéénà ní èbúté kan fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Ìwé kan ló kù, ìwé ìyọ̀ǹda pé ká má san owó orí ẹrù ìrànwọ́, ó ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Òjò ò sì dúró de ìwé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sùn sínú kíláàsì ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti ń ní ká kó wọn jáde torí ìdánwò. A gba ìwé ìdíyelé lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, bí òfin wa ṣe wí, a sì mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Sáńpù tó gbé wá dára. Mo fọwọ́ pa á, ó nípọn, inú rẹ̀ dúdú.

Irinwó ló gbé wá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọkọ̀ sì dé. Òjò ń rọ̀, awakọ̀ ń kánjú, ó ń sọ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí wébìlì mi, ọ̀nà Ikom ò dára lálẹ́.” Mo ka béèlì, iye rẹ̀ pé, mo fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tú ọ̀kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò méjì àti ààbọ̀. Mo tú mìíràn, bákan náà ni. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo ń rí ìka ọwọ́ mi láti òdì kejì.

Lẹ́yìn tí a pín in fún àwọn èèyàn, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò. Ẹ̀gbẹ́ ìṣó ló ti kọ́kọ́ ya, lẹ́yìn náà oòrùn jẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo wọ ilé kan nígbà yẹn tí wọ́n ti to ìkòkò mẹ́ta sábẹ́ ibi tó ń jò, bàbá ilé dìde fún mi ní àga, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Mi ò lè jókòó.

Nígbà tí a pe oníṣòwò náà, ó ní tapólì funfun la béèrè, tapólì funfun lòun gbé wá. Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ka ìwé tí àwa fúnra wa fi pè wọ́n, “tapólì funfun, 4 × 5” ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí ìwọ̀n, kò sí fọ́nrán dúdú, kò sí ọ̀já, kò sí ìwé àyẹ̀wò. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdajì owó ojúlówó. Ojúlówó tí ó ní láti lo ọdún kan, ó kéré tán, nínú oòrùn àti òjò ní ibikíbi, la fi wé ohun tí kò lo oṣù mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n àwa san owó ọbẹ̀ náà tán, omi gbígbóná la mu.

Ohun tí a yí padà kò pọ̀. A kọ gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí sínú ìwé ìbéèrè ọjà. A tún fi kún un pé a ó fa márùn-ún yọ láti inú ọkọ̀, láti ibi tó bá wù wá, a ó wọ̀n wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ọkọ̀ á sùn sí ọgbà wa di àárọ̀. Awakọ̀ á jẹun, á sùn, a ó sanwó rẹ̀. Mo tún máa ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n ra ti ọdún tó ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìkẹ́rùsí àjọ UN fún ẹrù ìrànwọ́ wà ní Accra, ó wà ní Dubai, ó wà ní Brindisi ní Ítálì. Tapólì kì í wọ́n ní irú ibẹ̀. Gbígbé e wá ni iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọkọ̀ òfuurufú gbé ohun tó wọ̀n tó kílò mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ lè ju owó tapólì fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló rọ̀ wá lọ́rùn, òun náà ló sì ń pẹ́.

Ojúlówó náà ní àléébù tirẹ̀ o. Ọ̀kan ò tó ìdílé. Ìlànà Sphere, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìrànwọ́ tí gbogbo wa ń lò, sọ pé àyè tí èèyàn kan máa gbé gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Èèyàn márùn-ún, ó ti di mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀. Lórí ìwé, ogún tó o. Ṣùgbọ́n òrùlé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn, ògiri náà sì ń fẹ́ aṣọ. Méjì ni kí ẹ kà fún ilé kọ̀ọ̀kan, kódà àwọn Red Cross tí tiwọn gùn dé mítà mẹ́fà, méjì ni wọ́n ń fi sínú àpò ohun èlò ìkọ́lé wọn, pẹ̀lú okùn, ìṣó, ayùn àti òòlù. Ẹ má fún èèyàn ní tapólì láìfún un ní okùn àti ìṣó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà iná dè é, afẹ́fẹ́ fi wáyà gé e bí ọ̀bẹ.

Ooru inú rẹ̀ náà ò kéré lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fi í bo ilé láìfi àyè sílẹ̀ lókè fún atẹ́gùn, ara ọmọ á yọ hóóru. Tí òjò bá sì dé, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó tì yín.

Àwọn ará Adagom ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kàn án. Wọ́n máa ń ṣa ìdérí ìgò bíà jọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ìṣó gún un láàárín, kí wọ́n tó wá kàn án mọ́ orí ọ̀já eléérú. Àwọn mìíràn ń gé táyà alùpùpù sí wẹ́wẹ́ fún iṣẹ́ kan náà. Orí ìṣó ò ní lè gba inú ike kọjá mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń pín tapólì máa fi èyí han àwọn tó ń gbà á, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Nípa kẹ́ẹ̀gì tó ṣeé ká tí wọ́n máa ń kó wá pẹ̀lú rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó gba àyè díẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì kéré, ìdọ̀tí ò lè tètè wọ inú omi. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ṣẹ́ ló ti ń jò, àwọn obìnrin sì fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò líle tó wà lọ́jà. Ẹ rà á fún wọn níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń bínú tí wọ́n bá rí tapólì ìrànwọ́ tí ẹni tó gbà á ń tà á. Èmi kì í bínú. Ìgbà kan tí mo béèrè, oògùn ọmọ ni obìnrin náà fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Oògùn ni ká wá fún un, kì í ṣe èébú.

Ní tèmi, ojúlówó tapólì yìí tọ́ sí gbogbo owó tí wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá ti fún ilé kọ̀ọ̀kan ní méjì, pẹ̀lú okùn àti ìṣó. Tí owó ò bá tó, ẹ dín iye ilé tí ẹ máa dé lọ́dọ̀ kù, kí ẹ wá owó sí i fún àwọn tó kù. Ẹ má fi ayédèrú kún iye.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ya ilé ìyá tó là mí lójú yẹn. Bíríkì amọ̀ ti wà nílẹ̀ báyìí, páànù wà lókè. Tapólì rẹ̀ ti kúrò lórí ilé, ó ti di ògiri balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ihò méjì ti ya létí rẹ̀, ọ̀já kan ti ń tú, ṣùgbọ́n ó ṣì dúdú nínú. Ó ní òun fẹ́ ọ̀kan sí i láti fi máa sá gbágùúdá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.