Aró ẹ̀lú tàbí aró oníkẹ́míkà: èwo ni kí ẹgbẹ́ aládìrẹ mú?

Àwọn tó fẹ́ dá iṣẹ́ àdìrẹ sílẹ̀ kí obìnrin àdúgbò lè rówó mú wálé, irú èyí tí Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣọ̀nà àdìrẹ, ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ l'Óṣogbo láti 1983, sábà máa ń béèrè èyí.

Ní ti owó àti ìrọ̀rùn, aró oníkẹ́míkà ló ṣíwájú: ẹ lè pò ó láàárọ̀ kí ẹ sì rẹ aṣọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀lú, ewéko tí a fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, ò rí bẹ́ẹ̀. A ó gún ewé rẹ̀, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sá a gbẹ. A ó sẹ́ omi eérú nínú ìkòkò oníhò, a ó rẹ ẹ̀lú gbígbẹ náà sínú omi yìí, ká tó wá fi aró sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó gbó. Ẹni tí imú rẹ̀ ò mọ òórùn aró tó gbó lè ba ìkòkò kan jẹ́ pátápátá.

Àwọ̀ méjèèjì ń pẹ́, bí a bá rẹ aṣọ léraléra tí a sì ń fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn.

Ewu ló ká mi lára jù. Kọ́sítíìkì sódà tí a ń pò mọ́ aró oníkẹ́míkà ń jó ọwọ́, omi rẹ̀ tí a dà sí gọ́tà sì ń wọ odò.

Bí oníbàárà bá ń dúró de aṣọ ẹbí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lo kẹ́míkà, ṣùgbọ́n ẹ ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá nílẹ̀ láti gbin ẹ̀lú, ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti oníbàárà tí yóò san owó iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀lú ni kí ẹ mú.