Kọ́sítíìkì ọlọ́ṣẹ fún sàláńsà tó ti dí: ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ọjà tí à ń yẹ̀ wò yìí, wọn ò ṣe é fún máṣíìnì rárá. Kọ́sítíìkì sódà ni, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà ní kílò-kílò lọ́jà Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Síbẹ̀, fún sàláńsà ẹ́ńjìnì tú-sítíróòkì, ìyẹn ẹ́ńjìnì tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, bíi Suzuki AX100, Vespa, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" àti ẹ̀rọ ìlàgẹdú, a kò tíì rí ohun olówó pọ́ọ́kú tó fọ inú rẹ̀ mọ́ jù ú lọ. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò rí ti ìpẹtà rò. Ìyẹn la fi mú ọjà kejì mọ́ ọn: síítíríìkì ásíìdì, ìyẹ̀fun funfun kíkan tí àwọn tó ń po ohun mímu ń rà.

Ọ̀rá ni ìdí tí sàláńsà fi ń dí. Ọ́ìlì tó bá bẹntiróòlù wọlé kì í jó tán. Èyí tó ṣẹ́kù á bá èéfín jáde, á lẹ̀ mọ́ irin níbi tó ti tutù, pàápàá nídìí, níbi tí páìpù kékeré oníhò wà. Mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan ni ìwọ̀n 50 sí 1. Mílílítà 40 ni 25 sí 1 tí ọ̀pọ̀ máṣíìnì àtijọ́ ń bèèrè. Àwọn tó ti yọ pọ́ńpù ọ́ìlì AX100 kúrò, tí wọ́n wá ń fojú díwọ̀n nílé epo, sábà máa ń dà á jù. Ìrìn kúkúrú náà ń dá kún un: láti Challenge dé Post Office ní Ìlọrin, sàláńsà kò tíì gbóná débi tí ọ̀rá á fi jó, omi tó ti inú ìjóná jáde kò sì rí ooru tó lè gbẹ ẹ́. Ìpẹtà á máa jẹ irin lábẹ́, kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdọ̀tí dúdú tí ọ́ìlì tó jó fi sílẹ̀, á bò ó lókè. Kábọ́ọ̀nù la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí kúrò nígbà náà, torí ásíìdì tó bá bá ọ̀rá lójú ọ̀nà kò lè dé ibi tí ìpẹtà wà. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà ti fi owó síítíríìkì ṣòfò.

Nídìí rírà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Kọ́sítíìkì tó ṣì lágbára máa ń gbẹ, ó máa ń funfun, pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì láti àárọ̀ ti ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ó ń ṣù, ó ń sunkún, agbára rẹ̀ sì ń lọ. Lásìkò òjò, kì í pẹ́ rárá. Ẹ ní kí wọ́n bu tiyín nínú àpò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, kẹ́ ẹ dà á sínú ike onídèérí ní kíá, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí i lára. Síítíríìkì náà funfun, méjèèjì sì jọra lójú ẹni tó ń kánjú.

Kẹ́ ẹ tó po ohunkóhun, ẹ tú bóòtù kékeré tó wà nídìí sàláńsà, sípánà 10 ló sábà máa ń gbà á, kẹ́ ẹ fa páìpù inú jáde. Bí kò bá jáde, ẹ má fi òòlù bá a jà. Kọ́sítíìkì fúnra rẹ̀ sábà máa ń tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi igi tí ẹ ti fi rọ́bà wé dí ẹnu kan, kẹ́ ẹ da omi lásán kún inú rẹ̀. Ẹ ó mọ iye lítà tó gbà, ẹ ó sì rí ihò tí ìpẹtà ti jẹ. Sàláńsà tó bá ń jò lójú mẹ́ta mẹ́rin, wẹ́dà ló ń wá.

Gíráàmù 100 sí lítà omi kan ni ìwọ̀n. Omi tútù ni o, kọ́sítíìkì lẹ ó sì máa bù sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, híhó ló máa hó, á sì ta sí i lójú. Kò nílò iná, ó ń gbóná fúnra rẹ̀. Ike tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, rárá. Ìkòkò amọ̀ Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, tó ń jẹ́ kí omi mímu tutù, kò bá iṣẹ́ yìí mu náà, torí ara rẹ̀ ń sun omi. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá àti awò tó bo ojú kì í ṣe àṣejù. Kí omi mímọ́ wà nítòsí: bó bá ta sára, ẹ dà á lé e fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, bó bá jẹ́ ojú, ẹ máa dà á lọ, lẹ́yìn náà ó di ọsibítù.

Ẹ gbé sàláńsà dúró, ẹ rọ ọ́ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹnu òkè ṣí sílẹ̀. Wákàtí 24. Ohun tó máa jáde á dúdú bí aró. Kọ́sítíìkì kì í yọ́ kábọ́ọ̀nù o. Ọ̀rá tó so ó mọ́ irin ló ń jẹ, bó ṣe ń jẹ epo tó fi di ọṣẹ. Kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ á kàn já sílẹ̀ ní ègé-ègé, ẹ sì ní láti ràn án lọ́wọ́: ẹ sọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan tàbí nọ́ọ̀tì 20 sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán, kẹ́ ẹ mì ín kíkan-kíkan. Ẹ ka nọ́ọ̀tì náà kí wọ́n tó wọlé, kẹ́ ẹ tún kà wọ́n tí wọ́n bá jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máṣíìnì yín á di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì kù, ẹ tún un dà fún wákàtí 12. Èyí tí ooru ti sun gan-an lápá ọrùn, tó le bí òkúta, kọ́sítíìkì kì í ràn án. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ó fi há a.

Vespa ni ọjà yìí ti gba oríyìn jù. Sàláńsà rẹ̀ dà bí àpótí, páìpù inú rẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, kò sí irin tó lè dé ibẹ̀, àmọ́ omi á dé e. Fífọ̀ ọ́n nù ló wá ń gba sùúrù: ẹ máa dà á, ẹ máa yí i, títí omi tó ń jáde kò fi ní dúdú, tí kò sì ní yọ̀ mọ́.

Ó ń ṣí ọ̀dà kúrò lára irin, kò sì fọwọ́ kan kúróòmù, ìyẹn dídán funfun tí wọ́n fi bo irin. Alumíníọ́ọ̀mù ni ọ̀tá rẹ̀: á hó, á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó sì ń tú jáde lè gbiná, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Nítorí náà, ẹ má ri sìlíńdà tàbí pisítínì sínú rẹ̀ láé. Máàkì tí a fún un: fún kábọ́ọ̀nù, 8 nínú 10. Fún ìpẹtà, òdo.

Síítíríìkì náà jẹ́ gíráàmù 100 sí lítà kan, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ló fẹ́ràn. Bí kọ́sítíìkì bá ṣì kù nínú sàláńsà, àwọn méjèèjì á pa agbára ara wọn. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ lè kúrò kó tó di wákàtí 12, èyí tó jinlẹ̀ lè gba 24. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ dọ́jọ́ mẹ́ta: tó bá jẹ ìpẹtà tán, irin gidi ló kàn. Lára kúróòmù, aṣọ tí a rẹ sínú rẹ̀ tó. Níbi tí kúróòmù ti là, ásíìdì á gba abẹ́ rẹ̀, á sì ká a sókè. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ògì kíkan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó kàn ń falẹ̀ ni.

Máàkì tí síítíríìkì pàdánù, lẹ́yìn iṣẹ́ ni. Irin tó ti inú ásíìdì jáde máa ń pọ́n padà kẹ́ ẹ tó jẹun tán, pàápàá láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Ẹ fi omi eérú ṣàn án kíákíá kí kíkan rẹ̀ kú, ẹ fi omi mímọ́ tẹ̀ lé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná èédú títí yóò fi gbẹ dénú, kẹ́ ẹ da bíi mílílítà 50 ọ́ìlì tú-sítíróòkì sí i, kẹ́ ẹ yí i káàkiri. Nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ yìí rọrùn jù. 7 nínú 10.

Iná àgbẹ̀dẹ ńkọ́? Fún páìpù kékeré inú nìkan, kò sí ohun tó yá jù ú: ẹ jó o títí á fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbọ̀n ọ́n. Fún odindi sàláńsà, kúróòmù á ṣá, ojú ìjó, níbi tí wẹ́dà ti so irin pọ̀, lè là, àárín gbùngbùn sì lè má jó rárá. Omi bátìrì yára lórí ìpẹtà, ìyẹn nìkan ni ìyìn rẹ̀. Kò ṣe kábọ́ọ̀nù ní nǹkan kan, ó ń jẹ irin gidi mọ́ ìpẹtà, èyí tó bá sì sá sínú ojú ìjó á máa bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti sùn. Ẹ yẹra fún un.

Omi tẹ́ ẹ lò, ẹ gbẹ́ ihò fún un jìnnà sí kànga, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ là á.

Kí sàláńsà tó padà sáyè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí pisítínì sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fi igi ọparun há kábọ́ọ̀nù ẹnu sìlíńdà tí èéfín ń gbà jáde kúrò, ẹ má ṣe fi sukurudíráfà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Èéfín ọ́ìlì á yọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tú pílọ́ọ̀gì wò: bó bá rí bí èèpo ẹ̀pà, ó ti tọ́. Bó bá funfun, ẹnì kan ti dín epo kù ní kábúrétọ̀ nígbà tí sàláńsà dí, afẹ́fẹ́ sì ti wá pọ̀ jù báyìí. Kẹ́ ẹ tó forí lé Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ sọ kílíìpù abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kalẹ̀ lójú kan, kí epo lè pọ̀ sí i.