Òróró jojoba fún ìpara irùngbọ̀n: owó rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì tó owó náà

Nínú àwọn òróró ewéko tí èèyàn lè fi po ìpara irùngbọ̀n fúnra rẹ̀, jojoba ló gba ipò kìíní lójú wa. A ń pè é ní òróró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìda tó ń ṣàn ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ó ju òróró èso àjàrà lọ fíìfíì. Èyí tí wọn kò tíì sẹ́ ní àwọ̀ ìyeyè; òun ni kí ẹ rà. Bó bá sùn nínú fíríìjì mọ́jú tí kò ki rárá, ẹ fura pé wọ́n ti fi òróró mìíràn là á.

Fún agolo 60 gíráàmù: jojoba 30, òrí 18, ìda oyin 12. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. Ẹ gbé abọ́ gíláàsì sórí ìkòkò omi gbígbóná, kí ẹ yọ́ ìda àti jojoba pọ̀. Bí ẹ bá da jojoba tútù lé ìda tó ti yọ́, kíá ni ìda yóò dì ní wóró-wóró. Ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fi òrí sí i. Nígbà tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ṣì ń ṣàn, ẹ kán òróró olóòórùn dídùn sí i, ẹ̀kán mẹ́wàá péré.

Òrí ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá rọra tutù, ìpara náà á rí bí iyanrìn lábẹ́ ìka. Kò bàjẹ́ o. Ẹ tún un yọ́, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀. Bó bá le jù, ẹ dín ìda kù ní gíráàmù 2, kí ẹ fi jojoba dí i.

Omi ni kí ẹ sá fún jù lọ. Ẹ̀kán omi díẹ̀ nínú agolo tó láti hu olu, fítámì E tí ọ̀pọ̀ ń fi sí i kò sì lè dá a dúró: òróró nìkan ni fítámì náà ń dáàbò bò.

Fún irùngbọ̀n tó ki, tó sì gbẹ, jojoba nìkan fúyẹ́ jù. Ẹ po mìlílítà 24 rẹ̀ mọ́ 6 òróró lárà. Nínú ọṣẹ, ìfowóṣòfò ni: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kì í di ọṣẹ, bó bá sì pọ̀, kì í jẹ́ kó hó.